Bí Mo Ṣe Fẹ̀yìn Gun Òkè Alédjo

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ láti kúrò lọ́kàn mi. Owó tó ń ra ìgò epo ẹsáǹsì kan ní Manigri lónìí, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ra epo kún táńkì ọkọ̀. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n pinnu pé gbogbo ẹ̀kán epo tí báàṣé, ọkọ̀ akẹ́rù tí mo fi ń kó iṣu, bá mu, àfi kó sọ ọ́ di agbára.

Mo kọ́ físíìsì: iná kì í jó láìsí afẹ́fẹ́. Mo ní kí Ràímì, ọ̀rẹ́ mi tó ń tún ọkọ̀ ṣe, yọ ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí, àti ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún afẹ́fẹ́ bí èèyàn bá tẹná, kó fi èyí tó fẹ̀, ti ọkọ̀ ńlá, rọ́pò wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, adìyẹ lè gba ihò yìí kọjá."

"Jẹ́ kó mí."

A dán an wò lọ́nà Bassila tó tẹ́jú, láìrẹrù. Ó fò. Orí mi wú débi pé mo ṣèlérí fún Lásísì, ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, pé èmi ni màá gbé iṣu àna rẹ̀ lọ sí Alédjo. Nílé wa, iṣu àna tó bá ti kúrò nílé kò gbọdọ̀ kanlẹ̀ lọ́nà, kò sì gbọdọ̀ padà. Bó bá kanlẹ̀, ìyàwó bọ́ nìyẹn.

Nídìí òkè tí ilé àna wà lórí rẹ̀, ọkọ̀ ń hó bí ìkòkò, kò gbéra. Ọ̀nà tó fẹ̀ wúlò bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré. Bó bá ń rọra yí, afẹ́fẹ́ á máa ṣe ìmẹ́lẹ́ kọjá ni. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé ibi tí mo kà dé ni wọ́n kọ ìyẹn sí.

Lásísì ń làágùn. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ iṣu díẹ̀ kalẹ̀."

"Kí o wá fi iṣu ṣaya?"

Ràímì, tó bá wa lọ, ti ọkọ̀ títí bàtà rẹ̀ fi já. Láti òkè, arákùnrin ìyàwó nahùn pé, "Àna wa, ṣé ká wá pọ̀n yín ni?"

Èyí ló bí mi nínú. Mo rántí pé jíà tí ọkọ̀ fi ń rìn sẹ́yìn ló lágbára jù. Mo yí báàṣé padà, mo kọ ìdí rẹ̀ sí òkè, mo sì fẹ̀yìn gùn ún, ọrùn mi lọ́ bí ti òwìwí, títí mo fi wó ọgbà ewúrẹ́ wọn. Iṣu kankan ò kanlẹ̀.

Bàbá ìyàwó wo ọgbà, ó wo iṣu. "Iṣu ló kọ́kọ́ wọlé kí wa," ló wí. "Ẹ jókòó."

Ẹ̀kọ́ mi ni pé kí èèyàn mọ òkè tó fẹ́ gùn kó tó la ọ̀nà afẹ́fẹ́. Mo ń rẹ́rìn-ín ara mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Àmọ́ mi ò yọ ọ̀nà tó fẹ̀ náà kúrò. Ọ̀nà Bassila ṣì tẹ́jú.

Ràímì ti jáde láyé. Bàbá ìyàwó náà ti lọ. Lásísì wà, ìyàwó rẹ̀ wà. Èmi náà wà, kọ́kọ́rọ́ báàṣé sì ń bẹ lọ́wọ́ mi.