Ọkọ̀ Ọ̀gá Búrékì Nínú Páálí

Àbúrò mi ọkùnrin ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tí òun máa gbé fún bàbá àfẹ́sọ́nà òun ni ọkọ̀ tó ti dógùn-ún.

Mo ní, "Kí lo wí?"

Ó ní, "Ọkọ̀ tó ti dógùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dógùn-ún dáadáa."

Orí mi yí gbirigbiri!

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹ̀dá tó jẹ́ fún yín. Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe jẹun. Tó bá ti parí eyín àwọn èèyàn, á jókòó ti tábìlì, á máa fi irinṣẹ́ eyín kan náà ṣe mọ́tò kéékèèké tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kì í sì í ṣe mọ́tò tuntun o! Mọ́tò tí òjò ti pa, tí oòrùn ti bó lára, tí ìdógùn-ún ti jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀. Á kùn ún láwọ̀ ilẹ̀ pupa, á wọ́n iyọ̀ lé e, á tún kun àwọ̀ mìíràn lé iyọ̀ lórí. Tó bá gbẹ, á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọn iyọ̀ yẹn kúrò, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ibi tí iyọ̀ wà tẹ́lẹ̀ á wá jọ ibi tí irin ti jẹ. Iyọ̀ kì í dúró nínú ilé wa. Tí mo bá ní kí n pariwo, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí i bó ṣe bàjẹ́ dáadáa ni?"

Bàbá àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ní tiẹ̀ ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Ọ̀gá Búrékì là ń pè é, torí láti òpin àdúgbò lẹ ti máa gbọ́ ọ: "BÚRÉKÌ! Mo ní o tẹ BÚRÉKÌ!" Bàbá yìí ò sì fẹ́ àbúrò mi rárá. Ó ní òun ò lè fi ọmọ òun fún ẹni tó ń fi mọ́tò ṣeré lórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ náà dun àbúrò mi débi pé ó rù. Ló bá pinnu pé ọkọ̀ bàbá gan-an lòun máa ṣe, bóyá ọkàn ẹ̀ á rọ̀. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ náà, ó ń wo gbogbo ara ẹ̀, títí àwọn tó ń kọjá fi rò pé ọkọ̀ ló gbá a.

Ọjọ́ ìbí pé. A jókòó ní pálọ̀, Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tuntun, ó ń fọ́nnu.

"Láti ìgbà tí mo ti di sítíárìn mú, mi ò ha ọkọ̀ rí! Mi ò ha ògiri, mi ò ha igi, mi ò ha ewé!"

Àbúrò mi gbé páálí ka iwájú ẹ̀.

Bàbá ṣí i.

Ọ̀nà wà níbẹ̀, tó fi ẹfun tí wọ́n fi ń wọn eyín ṣe. Gọ́tà wà níbẹ̀, ògiri kékeré wà níbẹ̀. Ọkọ̀ Bàbá fúnra ẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ òsì ti ògiri náà bó ṣe máa ń wà níta gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìdógùn-ún ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn àti iná iwájú tó sán.

"Ọkọ̀ mi rèé!" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó! Ọkọ̀ mi ti wọ páálí!"

Inú mi dùn, mo ti ń ro aṣọ tí màá wọ̀ sígbèéyàwó. Bàbá wá tẹ̀ síwájú, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Kí ló ṣe ibí?"

"Ibẹ̀ ló ti tẹ̀ wọnú, sà."

"Ọkọ̀ ta ló tẹ̀ wọnú?"

"Tiyín, sà."

Ìyá ìyàwó húkọ́. Àfẹ́sọ́nà àbúrò mi ń ṣẹ́jú sí i, ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́. Èmi fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì, gbì! Ẹni tó ń rí ìdógùn-ún tó tó orí abẹ́rẹ́ ò rí ojú obìnrin mẹ́ta!

Ó ní, "Abẹ́ bọ́ńpà ló wà, sà. Ẹ máa ní láti dọ̀bálẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i."

Bàbá dìde, ó di ìta, gbogbo wa tẹ̀ lé e. Gbàà! Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"YÉÈ!"

Ó yọrí síta. "Ta ló ṣe èyí?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò ṣòro láti mọ̀, sà. Ẹ wo àwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo po àwọ̀ yẹn títí kó tó bára mu. Géètì kan ṣoṣo ló ní in ládùúgbò yìí."

"Géètì ta?"

"Ti Ọ̀gá Jẹ́jẹ́."

Yéè! Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni ẹnìkejì tó ń kọ́ èèyàn lọ́kọ̀ wíwà ládùúgbò. Bàbá kì í kí i.

Ìyá gbọ́wọ́ lé ìbàdí. "Ó dáa. Èmi ni."

"Ìwọ? O ò mọ ọkọ̀ wà!"

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ló kọ́ mi. Ọjọ́ tí mo wa ọkọ̀ wa lọ fi hàn án ni géètì ẹ̀ sún mọ́ mi."

Bàbá di àyà mú. "Ọkọ ẹ ńkọ́? Kí ló dé tí o ò ní kí èmi kọ́ ẹ?"

"Ẹ kọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, etí mi ṣì ń dún. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ máa ń sọ pé 'ẹ jọ̀ọ́' kó tó sọ pé 'búrékì'."

Ẹ̀rín ń pa mí! Mo ki áńkáṣíìfù bọ ẹnu, omi ń bọ́ lójú mi pòròpòrò.

Bàbá yíjú sí àbúrò mi. "Ìwọ! O wá tú ilé mi ká lọ́jọ́ ìbí mi. Gbé páálí ẹ, kó o máa lọ. Mi ò sì fẹ́ rí ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi mọ́."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Àfẹ́sọ́nà ẹ̀ bú sẹ́kún, àánú àwọn méjèèjì ṣe mí gan-an. Àbúrò mi ò lọ. Ó wá rò pé bóyá Bàbá ò tíì rí iṣẹ́ òun tán ni. Ló bá fi ìka méjì yọ ọkọ̀ kékeré náà nínú páálí.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ tí ẹ máa ń fi ti ògiri. Ibẹ̀ ló gba agbára mi jù. Ó ha gbọọrọ. Pupa, funfun, pupa, funfun. Òpó ló ha á."

Ìyá ní, "Ìyẹn kì í ṣe èmi o. Géètì nìkan ni tèmi."

Àfẹ́sọ́nà ẹ̀ nu ojú. "Òpó wo ló pupa, tó tún funfun?"

Gbogbo wa yí ọrùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọgbà ẹ̀gbẹ́ ilé, òpó méjì tí Bàbá fi ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn wọlé wà níbẹ̀. Ọ̀kan dúró ṣánṣán. Ìkejì tẹ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà.

Òógùn bo Bàbá.

Àbúrò mi ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. "Bí mo ṣe wò ó, sà, ẹ̀yìn lẹni náà ń fi rìn, ó sì jọ pé kò tẹ bú—"

Pàù! Bàbá ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ìyá ní, "Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ná!"

Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fi ọwọ́ kejì gbá àbúrò mi mọ́ra.

"Ọmọ mi àtàtà," ó ní, "ọjọ́ wo lẹ tiẹ̀ ní ẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó?"