Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ilé Wa

Ẹni tí ìtàn mi yìí máa wó lù kì í ṣe Ìjàpá, kì í sì í ṣe Yánníbo aya rẹ̀. Èmi Làdíátù ni, ìyá àgbà ará Cinco Ranch ní Amẹ́ríkà, ọmọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ọmọ agẹṣin-má-fẹsẹ̀-kanlẹ̀, ọmọ òyìnbó tí oòrùn Ìwó ò rí nǹkan kan fi ṣe. Èmi fúnra mi ni mo ki ara mi bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá mi dá sí i.

Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí bàbá mi kú, tí ìyá mi pọ̀n mí kúrò ní agboolé wọn ní Ìwó, tí a kó lọ sí Ìbàdàn. Bí òṣùpá bá ti yọ, tí ìyá mi bá ti pa àlọ́ tán, ìtàn Kọ́nẹ́ẹ̀lì ló kàn.

"Làdíátù, ilé Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni mo bí ọ sí o. Wọ́n pupa fòò. Fìlà ológun ni wọ́n ń dé. Ìbọn kì í wọ́n lọ́wọ́ wọn, kì í sì í rẹ ẹṣin wọn. Wọn kì í rìn láìkó ọmọ ogun sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀ báyìí, gbogbo agboolé á sáré kó àgbàdo wọlé."

Mo gbọ́ pupa, mo gbọ́ ológun, mo gbọ́ ẹṣin. Mo tún wá gbọ́ "wọ́n, wọ́n" lẹ́nu ìyá mi, obìnrin tí kì í bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kò bá tọ́ sí. Kí ló tún kù? Òyìnbó ni! Bàbá bàbá mi sì ni. Àgbàdo tí wọ́n ń kó wọlé yẹn, mo ní owó orí ni wọ́n ń sá fún. Ìyá mi kú kí n tó gbọ́n débi tí mo lè bi í léèrè. Irọ́ tí kò bá sì rí ẹni bi í léèrè, ńṣe ló máa ń sanra.

Ó sanra títí ó fi bá mi wọ bàálù dé Houston.

Níbí yìí, gbogbo àwa ìyá àgbà tí ọmọ ránṣẹ́ pè la ní ohun tí a fi ń fọ́nnu ní mọ́sáláṣí bí a bá kírun Jímọ́ọ̀ tán. Ọmọ ti tibí ń ṣe dókítà. Ilé ọmọ ti tọ̀hún ní odò ìwẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Rahmon tèmi, ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe. Mo bá gbé Kọ́nẹ́ẹ̀lì jáde.

Nígbà tí àwọn kan fẹ́ máa rẹ́rìn-ín, mo ní kí Rahmon wà mí lọ sí ilé ìkàwé kan tí wọ́n ti ń wá ìdílé àwọn èèyàn. Ọmọ wa kan, Bùsọ́lá, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

"Màmá, kí lorúkọ wọn?"

"Kọ́nẹ́ẹ̀lì."

"Oyè nìyẹn, mà. Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ńkọ́?"

"Ta ló ń pe baba ńlá rẹ̀ lórúkọ?"

Bùsọ́lá gbé ìwé kan kalẹ̀ tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Ó ní àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ọ̀gá ológun wọn ló wà níbẹ̀, ẹni tó bí wọn, ẹni tí wọ́n fẹ́, ogun tí wọ́n kú sí. Èmi ò mọ̀wé, àwòrán ni mò ń wò. Mo ṣí i, mo ṣí i, àfi ìgbà tí mo kan ọkùnrin kan tí imú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀.

"Òun nìyí! Wo imú."

"Màmá, Sir Christopher nìyí. Íńdíà ló ti jagun. Kò dé Nàìjíríà rí."

"Ó lè gba Ìwó kọjá."

"Mà, kò tiẹ̀ bímọ rárá."

"Ẹni tó kọ̀wé ni ò mọ̀. Àwa tó bí mọ̀."

Bùsọ́lá rọra pa ìwé dé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ṣùgbọ́n kò gbà láti kọ orúkọ mi mọ́ ti Christopher, ni mo bá gba ọ̀dọ̀ ẹni tó máa ń tẹ bánà ìsọmọlórúkọ fún wa lọ. Òun ò bèèrè nǹkan kan. Ó fi Christopher sókè, ó fi bàbá mi sí àárín, ó fi èmi sísàlẹ̀, kìnnìún méjì sì ń ṣọ́ wa lọ́tùn-ún lósì. A fi bánà náà kọ́ ògiri pálọ̀.

Abẹ́ àwọn kìnnìún yìí ni Ramlat, ọmọ Rahmon, dúró sí tó fi sọ fún mi pé òun ti rí ọkọ. Hameed lorúkọ rẹ̀, iléeṣẹ́ ìfọpo kan ní Baytown ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Kí ni ìdílé rẹ̀?"

"Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá, Grandma."

"Mi ò bi ọ́ ní ìlú. Ta ni baba ńlá rẹ̀? Ogun wo ló jà?"

"Grandma, gbogbo weekend ló ń wakọ̀ láti Baytown wá rí mi, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà I-10. Ogun nìyẹn."

Mo ní rárá. Rahmon kì í sì í fa ọmọ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i. Oṣù méje gbáko ni ọmọ yìí fi bẹ̀ mí. Ó bẹ̀ mí títí kò fi bá mi jẹun pọ̀ mọ́. Ìgbà tó yá, mo ní ó dáa, kí wọ́n wá ká mọ ara wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ orúkọ baba ńlá wọn dání, ó kéré tán, ìran méje.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Sátidé. Hàbíbàt, ìyá Hameed, ló ṣáájú. Nọ́ọ̀sì ni, ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́ tó fi ń gún àwọn èèyàn. Ó kí mi dáadáa, ó jókòó.

"Màmá, a ò rí ìwé kankan kọ. Bàbá ọkọ mi hun aṣọ òfì. Bàbá tiwọn náà hun ún. Ibi tí a mọ̀ ọ́n dé nìyẹn."

"Tiwa nìyí lára ògiri," ni mo wí, mo sì na ọ̀pá mi sí Christopher. Àwọn àlejò wo Christopher. Wọ́n wo èmi tí mo dúdú bí ìdí ìkòkò.

Rahmon wá pe Bàbá Mákánjúọlá ní Ìwó, kí wọ́n fi àdúrà ṣí ètò. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, àwọn nìkan ló sì kù nínú àwọn àgbà ilé wa. Kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ tí Rahmon wá wọn rí. Àdúrà nìkan la sì máa ń gbà lórí fóònù, a kì í pìtàn. Bàbá gbàdúrà, gbogbo ilé ṣe àmín. Ká ní mo dákẹ́ báyìí ni!

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ sọ ìtàn Kọ́nẹ́ẹ̀lì fún àwọn àna wa."

Ìbéèrè ni Bàbá fi dá mi lóhùn.

"Ta ló sọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì fún ọ?"

"Ìyá mi ni, Bàbá."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín títí ó fi di ikọ́. "Háà! Ìyàwó mi àtàtà! Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Làdíátù, èmi ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì."

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. Ológun òyìnbó yẹn ni mò ń wí."

"Òyìnbó wo? Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí wọ́n gbé ìyá rẹ wọlé. Ṣé ìyàwó ilé á wá máa pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ ni? Ó fún gbogbo wa lórúkọ ọ̀tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ síléèwé, ó ń pè é ní Akọ̀wé. Èmi tí mo pupa, tí mo ń dé fìlà tí sọ́jà kan mú bọ̀ láti ogun Bọ́mà, ó ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì."

Hàbíbàt, tí Ramlat ti sọ gbogbo fọ́nnu mi fún, fa àga rẹ̀ sún mọ́ fóònù. "Bàbá, ẹ kú ilé o. Ẹṣin yín ńkọ́?"

"Pòròpórò ọkà bàbà ni."

"Ìbọn yín ńkọ́?"

"Kànnàkànnà. Mo fi pa alángbá méjì."

"Àwọn ọmọ ogun yín, Bàbá?"

"Ewúrẹ́ bàbá wa! Èmi ni mò ń dà wọ́n. Kò sí àgbàdo ẹni tí wọn kì í jẹ."

Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Èmi tí mo pe àbúrò ọkọ mi ní Dókítà fún ogójì ọdún, tó sì jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe! Àṣà tí mo fi ọwọ́ ara mi dá, mi ò rántí rẹ̀, nítorí mo fẹ́ jẹ́ ọmọ ọlọ́lá.

"Màmá," Hàbíbàt wo ògiri, "nínú àwọn ewúrẹ́ yẹn, èwo ni Christopher?"

Ẹ̀rín sọ ní gbogbo pálọ̀. Rahmon, ọmọ tí mo bí, fi fìlà bojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ṣùgbọ́n Hàbíbàt ò rẹ́rìn-ín pẹ́. "Ẹ̀rín tán. Oṣù méje lẹ fi sọ pé ọmọ mi ò tó ọmọ yín. Ẹ ní ká kọ ìdílé wa wá bí ẹni ń wáṣẹ́. Hameed, wọ bàtà rẹ. À ń lọ."

Ramlat gbé tíréè dúró láàárín ilé. "Grandma," ló ṣáà wí.

"Ìyá Hameed, ẹ má bínú. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbà..."

"Kí ni ọ̀rọ̀ àgbà ṣe?"

Ohùn Bàbá dún láti inú fóònù. "Làdíátù! Kọ́nẹ́ẹ̀lì ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Mo ti kó ogun lẹ́yìn rí, mo mọ ogun tó bá ti fọ́. Àna ẹni kì í kéré. Kúnlẹ̀!"

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi dún kẹ́ú.

"Ìyá Hameed, ọmọ yín tó ọmọ wa, ó tún ju èmi lọ. Kò sí òyìnbó, kò sí ẹṣin. Ìgbéraga ni mo fi ń da ọmọ yìí láàmú. Ẹ fi Ramlat ṣaya, ẹ jọ̀ọ́."

Hameed ti bẹ̀rẹ̀ kó gbé mi dìde, ìyá rẹ̀ fà á lẹ́wù.

"Dúró ná. A gbà, Màmá. A ti gbà látọkàn wá." Ó yọ fóònù rẹ̀ nínú báàgì, ó fi ẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà. "Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dìde. Ẹ sún sọ́tùn-ún díẹ̀, kí kìnnìún méjèèjì lè wọnú fọ́tò."