Ọjọ́ Tí Mo Gbé Jésù Síwájú Àgùntàn

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi títí tí màá fi hu ewú: ìrọ̀lẹ́ orin Kérésì tí gbogbo ìjọ wa ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú níbí, fi mí rẹ́rìn-ín.

Ká sọ òótọ́, owú ló gbé mi débẹ̀. Jímọ̀ ni mò ń jowú. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá káfíńtà kan náà la ti jọ kọ́ṣẹ́, mo sì mọ ayùn lò jù ú lọ. Àfi bó ṣe kó lọ sí Ẹ̀pẹ́, tó lọ ra ẹ̀rọ kan tó ń fi iná tín-ínrín gé pákó, tí wọ́n ń pè ní lésà. Iṣẹ́ tí màá fi ọ̀sẹ̀ kan gé, ẹ̀rọ yẹn á ti gé e kí n tó mu tíì tán. Ara iṣẹ́ náà tún wá ń dán. Kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run gan-an?

Lọ́dún yẹn, ìjọ tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi gbé iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ Kérésì fún Jímọ̀, ọmọ Mùsùlùmí! Ìyàwó mi tún dá kún un: "Bàbá Bísí, ẹ ò rí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn? Ó mọ́ tónítóní." Mo ti àwo oúnjẹ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tó yá, Jímọ̀ fi pákó ọ̀ṣọ́ náà ránṣẹ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ńṣe la máa tò wọ́n léra, ká ta gúlóòbù wẹ́wẹ́ sáàárín wọn. Àwọn àgùntàn wà lára èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ jù, ọ̀pẹ àti ilé wà lára àwọn tí ihò wọn kéré, Màríà àti Jésù sì wà lára èyí tí kò níhò rárá. Jímọ̀ ní òun ń bọ̀ wá lẹ̀ wọ́n pọ̀. Mo fò dìde níwájú alága ìgbìmọ̀.

"Kí ló ń bọ̀ wá ṣe? Ṣé kò sí káfíńtà ní Ìkòròdú ni? Ẹ gbé e fún mi, sà."

Ó yẹ kí n pe Jímọ̀, kí n bi í pé èwo ló ṣáájú. Kí n pe ta ni? Mo wo àgùntàn, mo wo Jésù. Nílé tèmi, àgbà kì í jókòó sẹ́yìn kí ọmọdé wà níwájú. Ṣé Olúwa ni màá wá fi sẹ́yìn ẹran? Mo gbé Jésù síwájú, mo to ìyókù sẹ́yìn, àwọn àgùntàn ló kẹ́yìn pátápátá. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì tún kan ìṣó mọ́ ọn, kí Jímọ̀ má baà rí i tú.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a gbé e síwájú àwọn akọrin, a fi aṣọ bò ó. Mo wọ agbádá, mo jókòó síwájú pátápátá. Jímọ̀ wá, ó rọra jókòó sẹ́yìn. Wọ́n pa iná ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣí aṣọ. Dúdú birimù.

"Ẹ tan án, Bàbá Bísí!" ni alága wí.

"Ó ti tàn, sà."

"Níbo ló ti tàn?"

Ẹ̀yìn ló tàn sí. Pákó tí kò níhò ti dí ojú rẹ̀ pa, gbogbo iná wá ń tú sójú àwọn akọrin. Obìnrin kan ju ìwé orin sílẹ̀: "Yéè! Iná yìí ń gún mi lójú o!" Ọkùnrin kan láàárín wọn ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, a ń rí àgùntàn dáadáa." Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Mo sáré lọ yí i padà, ni ìṣó tí mo fọwọ́ ara mi kàn bá kọ́ mi lágbádá, tí èmi àti pákó jọ ń pòòyì níwájú pẹpẹ.

Jímọ̀ ló wá tú mi sílẹ̀. Èébú ni mò ń retí. Ó kọjú sí ìjọ, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mi ò ṣàlàyé fún ọ̀gá mi."

Ọ̀gá mi! Èmi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyàwó mi ló pa á jù.

A yí pákó náà padà. Àgùntàn tàn, ọ̀pẹ tàn, ṣùgbọ́n Jésù tí mo ti kàn pa kọ ẹ̀yìn sí wọn; ẹ̀yìn pákó lásán ni wọ́n jọ ń wò lọ́dún yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ pé ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ni iná ń tàn sí. Bí mo bá rántí agbádá yẹn, èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ owú Jímọ̀ ò tíì tán nínú mi. Ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n ń tà á. Níbo ni wọ́n ti ń ta irú ìwà yẹn?