Àṣẹ Ẹgbẹ́ Kóòṣì Lórí Ọ̀rá Tó Kúrò Lára Láìlàágùn

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanra, ẹ yọjú! Ẹ̀yin pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín!

Ẹgbẹ́ Kóòṣì Ìlú Òkè-Ìrorò ló rán mi. Inú ń bí wọn. Inú ń bí wọn gidigidi!

Tísà Fadérera, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Yorùbá, ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọdún gorí ọdún ló fi ń sáré yí pápá ká lọ́dọ̀ Kóòṣì Gbádéró, alága ẹgbẹ́. Ó fò, ó ṣubú, ó jẹ kùkúńbà bí ewúrẹ́. Orúnkún wú, ikùn ò dín. Kóòṣì ní ọ̀lẹ ni.

Tísà bá lọ rí dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń fún un lábẹ́rẹ́, ó sì ń ṣọ́ ọ. Ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Tísà wá ń gun àtẹ̀gùn ilé-ìwé láìdúró sinmi. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá!

Nítorí náà, wọ́n pàṣẹ!

Èkíní: Ọ̀rá tí kò bá òógùn jáde, kò tíì jáde! Kí olúwarẹ̀ pè é padà kíákíá!

Èkejì: Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá sọ di pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọ́dọ̀ máa mí hẹlẹhẹlẹ lójú ọ̀nà, kí ará ìlú lè rí i pé ó jìyà. Mo tún un wí: kó jìyà! Ìwòsàn láìjìyà, olè jíjà ni!

Ẹ̀kẹta: Dókítà tí kò lè gbé irin tí Kóòṣì ń gbé, kó pa ẹnu mọ́.

Arúfin yóò fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láti ọjà dé ààfin!

Àmọ́ o, Tísà ti padà sí jíìmù Kóòṣì, níbi tí wọ́n ti ń gbé irin. Dókítà ló ní kó lọ, kí iṣan rẹ̀ má bàa rọ. Orúnkún ò dùn ún mọ́. Ó gbé irin, irin gbà. Kóòṣì ò mọ̀ bóyá kóun lé e ni, àbí kóun pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Kóòṣì gbé àwòrán Tísà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà jíìmù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ láìsí àmì ohùn: "Oogun lo se e!"

Kóòṣì ní òógùn tó ń jáde lára lòun ń wí. Tísà ní, "Kóòṣì, ẹ jẹ́ n bá yín fi àmì sí i." Ló bá mú ṣọ́ọ̀kì, ló kọ ọ́ gàdàgbà: "Oògùn ló ṣe é!"

Nítorí náà, ẹ̀kẹrin, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe láàárọ̀ yìí: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ mọ́ ní ìlú yìí!

Ẹnu mi ni wọ́n yá, mo ti jẹ́ iṣẹ́ wọn. Wọn ò yá ikùn mi. Òun ń lọ rí dókítà lọ́la. Ó tán o!