Ògiri Sábà tí Kò Lẹ́nu Ọ̀nà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́? Ẹ ń mi orí, mo sì mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìlú Sábà ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́hùn-ún nílẹ̀ Lárúbáwá, láyé àtijọ́. Ẹ má bi mí bí òwe náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Òwe kì í wọ ọkọ̀.

Àwọn ará Sábà ń mọ ògiri òkúta yí ojúbọ òrìṣà wọn ká. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ni apá tirẹ̀, ẹni tó bá sì mọ tirẹ̀ tán, yóò gbẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ sára òkúta. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò fi ẹnu ọ̀nà sí apá tirẹ̀? Ṣé ara afẹ́fẹ́ ni yóò gbẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ sí? Kálukú bá fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ de ẹlòmíràn. Karíbù, tó gba apá tó kẹ́yìn, náà dí tirẹ̀ pa. Ó gbẹ́ orúkọ Yáfìrì, bàbá rẹ̀ tó ti kú, síbẹ̀, ó wá ń yangàn pé aláǹgbá gan-an ò lè ríbi wọ̀ ọ́.

Àṣé Abiráta ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù, ti wọlé lọ gbàdúrà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí Karíbù tó dí àlàfo tó kù. Àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ igbe rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ọmọ ń bọ̀.

Wọ́n sáré pe ìyá agbẹ̀bí, obìnrin tó sanra dáadáa. Àkàbà kán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi okùn fà á, okùn já, ìyá náà bá já lu olórí ìlú mọ́lẹ̀. Ẹnìkan wá rí aláǹgbá nídìí ògiri, ó ní kò síhò tí aláǹgbá ò mọ̀. Gbogbo ìlú, àti olórí tó ń fọwọ́ di ọrùn mú, bá tẹ̀lé aláǹgbá yí ògiri po. Ó rìn títí, ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń mi orí sí wọn.

Ìyá agbẹ̀bí kọjú sí Karíbù. "Ọmọ mi, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, ká má tíì sọ ti èmi. Apá tìrẹ nìkan ni amọ̀ tó so òkúta rẹ̀ pọ̀ ò tíì gbẹ. La ẹnu ẹ̀."

Karíbù wo orúkọ bàbá rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Abiráta tún ké. Ló bá gbé òòlù, orúkọ yẹn ló sì kọ́kọ́ fọ́.

Bí ògiri ti lanu, aláǹgbá ló ṣíwájú wọlé, ìyá agbẹ̀bí tẹ̀lé e. Kò pẹ́, ọmọ ké. Ọkùnrin ni. Wọ́n bi Karíbù pé kí ni wọn yóò máa pè é.

Ó ní, "Yáfìrì."

Wọ́n fi àlàfo náà ṣe ẹnu ọ̀nà títí lọ. Orúkọ tó kúrò lára òkúta wá ń sáré gba ibẹ̀ wọlé, ó ń sáré jáde, ó ń jí àjàrà àwọn ará ìlú jẹ, inú Karíbù sì ń dùn. Lóde òní, nípa ọ̀tá tó ń ríbi wọlé la máa ń pa òwe yìí. Lọ́jọ́ náà, ayọ̀ ló bá ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ò purọ́: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ bi olórí ìlú, ọrùn ṣì ń dùn ún.