Òkè Tèmi, Ìsàlẹ̀ Tọjà

Lífítì ilé iṣẹ́ kan ti gbó. Bó ń gòkè, bó ń sọ̀, ariwo kan náà ló ń pa, Bàbá Lífítì nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń tù ú lójú kó tó gbéra. Owó páànù ilé rẹ̀ ni bàbá yìí fi ra ìpín nílé iṣẹ́ ọ̀hún. Ní báyìí, ìpín náà ò tó ra ìṣó mọ́, òjò sì ń wọ ilé rẹ̀ bí ẹni ń wọ ilé bàbá ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé àwọn onípìn-ín, ọ̀gá àgbà wọlé sínú lífítì. Ó ní kí bàbá gbé òun lọ sí àjà kẹwàá, wọ́n fẹ́ dìbò láti fi kún owó oṣù òun.

"Ẹ kú oríire, ọ̀gá. Mo rò pé ìpín wa wálẹ̀ ni."

"Ọjà ló wálẹ̀, Bàbá. Ta ló lè di ọjà mú?"

"Tèṣí tó gòkè ńkọ́?"

"Èmi ni mo gbé e." Ọ̀gá kọjú sí dígí, ó ń tún táì ṣe.

"Wọ́n sì fi kún owó yín."

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n san."

"Tó wá wálẹ̀ yìí, ṣé wọ́n á yọ níbẹ̀?"

"Rárá o. Wọ́n á fi kún un ni, kí n má baà fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìṣòro."

Ẹ wo ọmọ ènìyàn. Bàbá ní onípìn-ín lòun náà, ta ni yóò wá bá òun nawọ́ nípàdé nígbà tí ọwọ́ òun wà lára irin tí wọ́n fi ń darí lífítì? Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní ìbò tirẹ̀ ò ju hóró iyọ̀ kan nínú ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dun bàbá wọra. Ó rántí ibùsùn ìyàwó rẹ̀ tó rin gbindin lánàá. Ó kàn yí irin náà díẹ̀.

Lífítì dúró, ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá gbésẹ̀ jáde, àfi gbàgà láàárín ìgbálẹ̀ àti korobá, ní abẹ́ ilé pátápátá.

"Bàbá, àjà kẹwàá ni mo ní! Ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ lókè."

Bàbá gbọ́wọ́ kúrò lára irin, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Tó bá gòkè, ọ̀gá, èmi ni. Tó bá ti wálẹ̀ báyìí, ọjà ni. Ẹ tètè fi kún owó mi, kí n má baà fi yín sílẹ̀ nínú ìṣòro."