Kọ̀ǹpútà Akínlolú Kì í Bàjẹ́, Ṣe Ló Ń Sinmi

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá kì í ṣe ẹjọ́ kékeré, nítorí òkú méjì ni wọ́n gbé wá pẹ̀lú ẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú Olóyè Adébùsóyè, wọ́n sì tẹ́ òkú méjèèjì sí i. Ẹ má fòyà, òkú ẹ̀rọ ni. Ọ̀kan jẹ́ gáàmù dúdú pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń fi páàdì gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀. Èkejì jẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n to ẹ̀yà rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan fún irú eré kan náà. Ààfin tí a sì ń wí yìí, àwa ará àdúgbò la fún un lórúkọ yẹn. Pálọ̀ Olóyè ni, l'Ákùúrẹ́ níbí, páànù rẹ̀ sì ń jò ní igun méjì.

Akínlolú ló ni kọ̀ǹpútà, òun náà sì ni olùjẹ́jọ́. Ọmọ Oǹdó ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé-ìwé aládàáni kan kí ọdún líle yìí tó dé, tí ilé-ìwé náà fi ní kí òun àti tíṣà orin máa lọ sílé ná. Ṣùgbọ́n nílé l'Óǹdó, Ẹnjiníà ni gbogbo ẹbí ń pè é. Kò sẹ́ni tó fún un lóyè náà, òun ló fún ara rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó fi jẹ́ pé òun gan-an máa ń gbàgbé nígbà mìíràn pé irọ́ ni.

Ọláfimíhàn ló ni gáàmù, òun ló pe ẹjọ́. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, ọ̀rẹ́ Akínlolú láti ilé-ìwé gíga. Olóyè ló fún àwọn méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀ pé kí wọ́n fi ṣe ilé eré, káwọn ọ̀dọ́ àdúgbò má baà máa rìn gbéregbère. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí epo bẹntiróòlù fi wọ́n débi pé jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kò lè gbọ́ bùkátà ẹ̀rọ méjì mọ́. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde. Èwo ni? Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí Ọláfimíhàn ní gáàmù kì í bàjẹ́, Akínlolú náà ní kọ̀ǹpútà kì í bàjẹ́. Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, wọ́n wá fọwọ́ ara wọn ṣàdéhùn níwájú Olóyè: ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ já kulẹ̀ ni yóò kó jáde, ṣọ́ọ̀bù yóò sì di ti ẹnì kejì; títí dìgbà náà, wọn á máa tan ẹ̀rọ méjèèjì ní wákàtí-ní-wákàtí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ẹ̀rọ méjèèjì kú.

Akínlolú kò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ó mọ ohun tó ń dúró de òun tó bá pàdánù. Oko kòkó ìyá rẹ̀ ni. Ẹnjiníà yóò padà s'Óǹdó, yóò bọ́ bàtà, yóò sì máa fẹsẹ̀ tú kòkó lórí ẹní lójú gbogbo ayé. Ìtìjú yẹn ló ń bà á lẹ́rù ju ebi lọ.

Ọláfimíhàn dọ̀bálẹ̀, ó sì ro ẹjọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà Akínlolú ti kú nígbà mẹ́fà láàárín oṣù mẹ́rin. Ó ní lóṣù karùn-ún, pọ́wà rẹ̀ jó, ó dún gbàù, èéfín bo ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà méjì sì sá jáde láì wọ bàtà. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun bá ní kó kó jáde, Akínlolú á ní ẹ̀rọ òun kò tíì já kulẹ̀. Ó ní tòun kò kú rí àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, ìyẹn náà sì ní ọwọ́ ayé nínú.

Olóyè yíjú sí Akínlolú. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Rárá, Bàbá. Kọ̀ǹpútà mi kì í bàjẹ́. Ṣe ló ń sinmi."

"Ìgbà mẹ́fà?"

"Iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀, Bàbá."

"Èéfín yẹn ńkọ́?"

"Ó mí síta ni."

Tíṣà àgbà kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn àgbà tó jókòó ti Olóyè bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún un wọ̀ láti wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Akínlolú fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ, ara rẹ̀ sì bù máṣọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kó sódò ò lè máa sá fún òjò.

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, Bàbá. Tí eyín bá ká lẹ́nu àgbàlagbà, ṣé a máa ń wà sàréè ni? Wọ́n á bá a fi òmíràn sí i. Bí kọ̀ǹpútà ṣe rí nìyẹn. Pọ́wà jó, mo pààrọ̀ ẹ̀. Mẹ́mórì kú, mo pààrọ̀ ẹ̀. Fáànù dákẹ́, mo pààrọ̀ ẹ̀. Àrùn là á wò, a kì í wokú. Kọ̀ǹpútà ń ṣàárẹ̀ ni, gáàmù ló ń kú. Tí tiẹ̀ bá ti dákẹ́, gbogbo ara ẹ̀ ló dákẹ́."

"Kí ló kù lára kọ̀ǹpútà yìí tí o ò tíì pààrọ̀?"

Akínlolú ronú títí. "Àpótí ẹ̀, Bàbá."

"Àpótí nìkan?"

"Àti bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án."

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọláfimíhàn rí i pé ọjọ́ ń san òun, ó ní òun ní ẹlẹ́rìí tí yóò fi òpin sí i. Ó pe Jethro, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lọ́nà Oǹdó. Jethro wọlé tòun ti tọ̀nàfíìsì tó fi ń tú ìdè ẹ̀rọ lápò àyà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò ní parọ́.

"O mọ gáàmù yìí?" ni Olóyè bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, Bàbá."

"Ṣé ó bàjẹ́ rí?"

"Kò bàjẹ́ rí."

"Tí kò bá bàjẹ́ rí, níbo lẹ ti pàdé?"

Jethro wo Ọláfimíhàn. Ọláfimíhàn ń wo òrùlé. "Ó máa ń wá kí mi ni, Bàbá. Lóṣù karùn-ún, ó wá, ó lo ọjọ́ mẹ́ta. Lóṣù kẹfà, ó tún yà lọ́dọ̀ mi."

"Ó dá wá fúnra ẹ̀?"

"Ọláfimíhàn ló ń sìn ín wá. Ó máa ń fi báàgì bò ó, kí Akínlolú má baà rí i; tó bá béèrè ẹ̀, á ní ó wà nílé."

Inú Akínlolú dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó rántí ibi tó wà. Olóyè ní kí Jethro ṣí gáàmù náà kí gbogbo ilé rí ohun tó pa á. Ohun tó ní láti kọ́kọ́ ká kúrò lórí ẹ̀ ni aṣọ òwú funfun kan tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ hun, tó ní òdòdó ní igun mẹ́rin. Leah, ìyàwó Ọláfimíhàn, kúnlẹ̀, ó ní òun lòun hun ún. Ó ní nílé tóun ti wá, a kì í fi ohun tó níyì sílẹ̀ níhòòhò, tẹlifíṣọ̀n bàbá òun ní tirẹ̀, rédíò náà ní tirẹ̀.

"Tí wọ́n bá ń lò ó ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń ká a kúrò?"

"Há à, Bàbá. Ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń rí i dájú pé ó bò dáadáa. Ìgbà yẹn lojú àwọn èèyàn wà lára ẹ̀."

Jethro mi orí. Ó ní ẹ̀rọ tí kò rí afẹ́fẹ́ mí yóò gbóná, ibi tó bá sì gbóná tó ṣókùnkùn kì í pẹ́ ní ayálégbé. Ó tú ìdè tó kẹ́yìn, ó gbé ìdérí. Aáyán tú jáde, tọmọ tìyá. Gbogbo ìgbìmọ̀ gbé ẹsẹ̀ sórí àga, Tíṣà àgbà sì gbé tirẹ̀ sórí àga ẹlòmíràn.

"Ọláfimíhàn, ta ló ni àwọn wọ̀nyí?" ni Olóyè bi í láti orí àpótí ìtìsẹ̀ tó sá gùn.

"Àlejò ni wọ́n, Bàbá. Mi ò mọ̀ wọ́n."

Ẹjọ́ ti yí padà. Akínlolú rí i lójú Olóyè, ó sì ń ro ibi tí òun yóò gbé tábìlì kejì sí nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà náà ni obìnrin kan dìde lẹ́yìn pálọ̀. Ìyá Akínlolú ni. Ó ti wà l'Ákùúrẹ́ láti oṣù keje, òun àti àpò kòkó méjì, nítorí ọdún tí owó kòkó gòkè tí kò gòkè bẹ́ẹ̀ rí yìí náà ni òjò kọ̀ tí kò dá. Akínlolú fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó. Ìyá rò pé ayọ̀ ni.

"Olóyè, mo fẹ́ jẹ́rìí fọ́mọ mi. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ẹ̀ ò já mi kulẹ̀ rí."

"Ẹ̀yin náà ń gbá gáàmù, Mama?" ni Olóyè bi í.

"Kí ni gáàmù? Kòkó ni mo fi ń sá."

Ìyá wá ro ó bó ṣe rí. Lọ́jọ́ tóun kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù, òun bi Ẹnjiníà pé kí ni àpótí yìí ń ṣe. Ẹnjiníà wò ó, ó wo òun, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ni. Òun gbé ọwọ́ sórí ẹ̀, atẹ́gùn gbígbóná ń jáde lóòótọ́. Òun bi í pé àwọn ọmọkùnrin tó ń pariwo níwájú rẹ̀ ńkọ́, ó ní àwọn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òun ṣe gbé àtẹ kòkó lé e lórí nìyẹn. Òun á tú u láràárọ̀, òun á tú u nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin, ó ti gbẹ. Lójú òjò. Àwọn oníkòkó ẹgbẹ́ òun l'Óǹdó ṣì ń sunkún kòkó tó bu.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí nìkan ló dákẹ́," ni ìyá fi parí ẹ̀. "Kòkó ọjọ́ náà ṣì lómi díẹ̀. Mo gbé e lé e, omi ẹ̀ ń kán wọ inú, ẹ̀rọ ní ṣííì, ó sì bá oorun lọ."

Gbogbo ojú kọjú sí Akínlolú. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé kò yẹ kí kòkó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo ni ì bá fi dá ìyá rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn náà ni ì bá gba orúkọ Ẹnjiníà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì yàn kí kọ̀ǹpútà kú. Ojú tì í gidigidi.

"Mama," ló wí, "gáàmù ni. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà."

Ìyá wò ó títí. "Mo mọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kòkó ò mọ̀, ó gbẹ."

Ìgbìmọ̀ forí korí. Ẹnìkan ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ẹ̀rọ tó ṣáájú kú, Jethro ní ọjọ́ kan náà ni, òun ò sì bá wọn ka wákàtí. Òmíràn ní kí wọ́n sin méjèèjì. Olóyè gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wúkọ́.

"Ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ọláfimíhàn, o ka ikú kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, o ò mọ̀ pé o ní ayálégbé. Akínlolú, ìwọ náà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, Akínlolú ni yóò tún gáàmù ṣe, Ọláfimíhàn ni yóò tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹni tó mọ àrùn ni kó wò ó."

Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, mi ò tíì parí. Ṣọ́ọ̀bù tí mo fún yín níwájú ulé mi, ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ pé ẹni tí ẹ̀rọ ò bá já kulẹ̀ ni yóò ni ín. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbí tí ẹ̀rọ ṣe ohun tó fẹ́ fún, tí ó sì rí èrè ẹ̀. Mama, ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé, ṣọ́ọ̀bù tiyín ni, àwọn ọkùnrin méjì yìí sì ni ọmọ iṣẹ́ yín. Tí oòrùn bá padà, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù wọn."

Ìyá kúnlẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì bi Leah bóyá ó lè bá òun hun aṣọ ìbòrí fún kòkó.

Láàárọ̀ òní, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Akínlolú ti bọ́ bàtà. Kò padà s'Óǹdó, ṣùgbọ́n Oǹdó ti wá bá a l'Ákùúrẹ́. Ó ń fẹsẹ̀ tú kòkó nínú ṣọ́ọ̀bù, Ọláfimíhàn jókòó sílẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ inú kọ̀ǹpútà, ó sì ń kùn. Òkìkí ti kàn. Àgbẹ̀ kan ti dé láti Ilu-Abo pẹ̀lú àpò kòkó tútù lórí, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àpótí tó tú ká sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n ń wí yìí, ṣé kì í bàjẹ́?"

Akínlolú ya ẹnu. Èsì náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú kòkó.

"Ó máa ń bàjẹ́, Bàbá," ló wí. "Bàjẹ́ gidi. A máa ń tún un ṣe ni."

Àgbẹ̀ náà ronú díẹ̀, ó sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.